Ẹnu Mi Ló Sọ Oko Wa Di Ilẹ̀ Òfìfo

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Iṣẹ́ ńkọ́? Ìlú ńlá kò ní gbé ọ mì. Àwa wà, ìyá rẹ wà, orúnkún mi nìkan ni kò gbọ́ràn.

Ọ̀rọ̀ wà nílẹ̀ o, èmi ni mo sì fi ọwọ́ ara mi fà á. Ìjọba ní ìlú ń gbòòrò bọ̀ lọ́dọ̀ wa, pé àwọn fẹ́ ṣètò ilẹ̀ kí ilé má baà jẹ oko tán. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Wọ́n rán obìnrin kan wá pẹ̀lú fọ́ọ̀mù àti ẹ̀rọ kékeré kan tó ń fò, tó ń ya fọ́tò látòkè. Mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì tuntun tí o rà fún mi, mo dúró sáàárín oko, mo gbójú sókè, mò ń rẹ́rìn-ín sí i. Nígbà tó wo fọ́tò náà, ó ní orí mi tó pá nìkan ló hàn, òun rò pé àpáta ni.

Ó wá bi mí pé kí ló wà lórí ilẹ̀ náà. Ìwọ náà mọ̀ wá, ta ló ń yin oko ara rẹ̀ níwájú àlejò? Mo ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀, igbó lásán ni, a kàn ń fi í ṣeré ni. Ogójì igi ọsàn, àgbàdo tó ga jù mí lọ! Ó kọ ọ́ sílẹ̀ bí mo ṣe wí i gẹ́lẹ́. Télọ̀ ẹ̀gbẹ́ ilé wa, tó ní adìẹ mẹ́ta, sọ fún un pé oko òun ló ń bọ́ gbogbo ìlú.

Wọ́n ti lẹ àwòrán ilẹ̀ mọ́ ògiri káńsù. Ẹ̀yìnkùlé télọ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Tiwa jẹ́ àwọ̀ eérú: ilẹ̀ òfìfo, ibẹ̀ ni wọn yóò máa da ìdọ̀tí gbogbo agbègbè sí. Omi bọ́ lójú mi lójú àwọn akọ̀wé. Àìmẹ́nu, àìmètè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Wọ́n ní ẹni tí kò bá fara mọ́ ọn lè wá sọ tẹnu rẹ̀ kó tó di Fúráìdè tó ń bọ̀. Odindi ọjọ́ méjì ni ìyá rẹ fi kọ́ mi ní fáàrí níwájú dígí. Mo dé ọ́fíìsì, ọ̀gá wọn kí mi pé oko ńkọ́, Bàbá. Kí n tó mọ̀, ẹnu mi ti ní a kàn ń gbìyànjú ni, kò tó nǹkan. Ọ̀gá ní òun ti gbọ́, ó pa fáìlì dé.

Ìwọ ni kí o wá. Láti kékeré lo ti máa ń fọ́nnu, mo máa ń nà ọ́ nítorí ẹ̀, dákun foríjì mí. Sọ fún wọn pé oko yẹn ló rán ọ níléèwé. Fi owó ọkọ̀ díẹ̀ ránṣẹ́ sí mi kí n lè bá ọ débẹ̀, bí kò bá sì sí, a ò fi bẹ́ẹ̀ nílò rẹ̀.

Ṣé o rí i? Mo tún ti bẹ̀rẹ̀. A nílò rẹ̀ gan-an.

Ọ̀nà á là fún ọ, ẹsẹ̀ rẹ kò ní kọ. Bí o bá dé, tí o bi mí bóyá àárò rẹ sọ mí, màá ní rárá. Má kọ ọ́ sílẹ̀.

Èmi ni,
Bàbá rẹ