Àkàbà Ariwo àti Ẹ̀rín Tí Mo Rín Lọ́jọ́ Náà

                                        Yàrá òkè tó kọjú sí ilé iṣẹ́ ìlagi,
                                        Ẹ̀yìn ibi tí a ń to pákó sí.
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹta.

Pákó Gígùn, ọ̀rẹ́ mi láti ìgbà tí eyín wa ti pé,

Ohùn mi ju ayùn lọ! Wọ́n gbé ẹ̀rọ tí ń wọn ariwo wá sí ilé iṣẹ́ wa. Ayùn ńlá, èyí tí èmi àti ìwọ jọ ń ti igi sí lẹ́nu kí o tó fẹ̀yìn tì, gba ọgọ́rùn-ún. Èmi gba mẹ́rinlélọ́gọ́rùn-ún. Ọkùnrin ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin fi ọ̀fun lásán ṣẹ́gun irin. Yára lọ sọ fún gbogbo àdúgbò rẹ kí n tó yí ọ̀rọ̀ náà padà.

Má bínú, ìdùnnú ni kò jẹ́ kí n rántí kí ọ. Báwo ni ara? Orúnkún òsì tí ń dún bí ilẹ̀kùn àtijọ́ yẹn, ṣé ó ti gbà láti dákẹ́? Ìyàwó wa ńkọ́, obìnrin tó mọ̀ pé orí mi ò pé ṣùgbọ́n tó ṣì ń bu omi fún mi mu? Ọmọ-ọmọ rẹ tí o ní ó jọ mí, tí mo ní kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, ṣé ó ti ń rìn? Ní tiwa níbí, à ń jẹ, à ń mu, ìyá àwọn ọmọ sì ń bá mi jà láràárọ̀, nítorí náà àlàáfíà ti dé ilé.

Mo mọ̀ pé inú ń bí ọ. Oṣù méje ti kọjá tí o ti dìde lórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìnkùlé mi, tí o gbọn ìdí aṣọ rẹ, tí o sì lọ láì dágbére. O sọ ọ̀rọ̀ tó wúwo fún mi lọ́jọ́ náà, èmi sì fi ẹ̀rín dá ọ lóhùn. Lẹ́tà méjì ni mo ti kọ, ẹnu rẹ ni mo ṣì ń wò. Ìkẹta rèé. Bí o kò bá fèsì sí èyí, màá gbà pé ó ti parí láàárín wa, màá sì gbé bẹ́ǹṣì náà wọlé. Ṣùgbọ́n má tíì fa ìwé ya. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ yangàn. O kúkú mọ̀ pé bí n ò bá yangàn, oúnjẹ kì í dà nínú mi.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ rèé. Àwọn òṣìṣẹ́ ń ráhùn pé bí àwọn bá délé, etí àwọn a máa hó bí ìkòkò tó wà lórí iná. Ọ̀gá wa bá ránṣẹ́ pe àwọn tí ń wọn ariwo. Nígbà tí ọkọ̀ wọn dé, tí ilẹ̀kùn ṣí, ta ni mo rí tó kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀? Àbíkẹ́yìn mi! Ọmọbìnrin tí ìwọ fúnra rẹ sọ ní Ìbéèrè, nítorí pé kò jẹ́ kí àgbà sinmi. Ó dé akoto, ó wọ bàtà tó le, àwọn ọkùnrin méjì ń gbé ẹrù tẹ̀lé e. Ó ti kọ́ nípa ìró àti etí ní ilé ẹ̀kọ́ gíga, mo mọ̀, èmi náà ṣáà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n fún un ní ìwé ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n kí á máa gbọ́ pé ọmọ ẹni ń ṣiṣẹ́ yàtọ̀ sí kí á rí i kó máa pàṣẹ fún ọ̀gá ẹni. Àyà mi wú débi pé bọ́tìnnì kan já. Ó dára, bọ́tìnnì náà ti ń mì tẹ́lẹ̀.

Mo sáré lọ dì mọ́ ọn. Ó gbá mi mọ́ra, ó tún fìlà mi ṣe, ó wá wo ìwé ọwọ́ rẹ̀.

"Bàbá, ilé ni ẹ ti jẹ́ bàbá mi. Níbí, ẹni kẹrin lórí ìwé lẹ jẹ́."

Gbogbo ilé iṣẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Títí di òní, kò sẹ́ni tó ń pè mí ní Aláriwo mọ́. Ẹni Kẹrin ni wọ́n ń pè mí.

Ó gbé ẹ̀rọ ìwọnariwo sórí ẹsẹ̀ mẹ́ta, níbi tí ẹni tó ń ti igi máa ń dúró sí. Ẹ̀rọ náà ò ju bàtà ọmọdé lọ. Wọ́n tan ayùn ńlá, nọ́ńbà tó jáde sì jẹ́ ọgọ́rùn-ún. Ó ní dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń pe ohun tí wọ́n fi ń wọn ariwo, bí a ṣe ń fi ẹsẹ̀ bàtà wọn pákó. Ó wá bi wá pé, bí a bá tan ayùn kejì tí wọ́n jọ jẹ́ ìbejì, mélòó ni yóò jẹ́?

"Igba!" ni mo pariwo. Ṣé ìṣirò náà tún le ni?

Mímú, ẹni tó ń pọ́n ayùn fún wa, tó sì ti ń wá ẹ̀sùn sí mi lẹ́sẹ̀ láti ọjọ́ tó ti dé, ní, "Èmi ò mọ iye tí yóò jẹ́ o. Ṣùgbọ́n bó bá ti jẹ́ ìwọ lo sọ ọ́, irọ́ ni."

La bá ta tẹ́tẹ́ pé ẹni tó bá jẹ̀bi ni yóò gbá ìyẹ̀fun igi fún odidi ọ̀sẹ̀ kan. Wọ́n tan ayùn méjèèjì. Ilẹ̀ ń gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. Gbogbo wa bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo ojú ẹ̀rọ: mẹ́tàlélọ́gọ́rùn-ún. Mẹ́ta péré ló fi lé! Mo ní ara ẹ̀rọ náà ò yá, bóyá kò jẹun kó tó jáde nílé. Ìgbálẹ̀ ni Mímú lọ mú wá.

Bí mo ṣe ń gbálẹ̀ tí mo ń sín, Ìbéèrè fa àkàbà wa tó ga yẹn jáde, ó fi ti ògiri, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wa. Ó ní ìsàlẹ̀ àkàbà ni òdo. Òdo yẹn kì í ṣe ìdákẹ́jẹ́. Òun ni ìró tó kéré jù tí etí tó yá gágá lè gbọ́. Ìtẹ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan lórí àkàbà jẹ́ mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dà mí lórí rú rèé: bí a bá gun ìtẹ̀sẹ̀ kan, a ò fi nǹkan kún agbára ìró náà, ńṣe là ń sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́wàá. Ó fi ègé igi ṣàlàyé rẹ̀. Ègé kan nísàlẹ̀. Ìtẹ̀sẹ̀ kìn-ín-ní, ègé mẹ́wàá. Ìkejì, ọgọ́rùn-ún. Ìkẹta, ẹgbẹ̀rún. Nígbà tó dé ìkẹrin, ègé igi tán nílẹ̀, ó ní kí a máa fi ojú inú wo ẹgbàárùn-ún.

Ayùn méjì kàn sọ agbára di méjì ni, ìyẹn ò sì tó nǹkan lórí àkàbà, mẹ́ta péré. Ẹni tó bá fẹ́ gun odidi ìtẹ̀sẹ̀ kan láti ọgọ́rùn-ún dé àádọ́fà, àfi kó wá ayùn mẹ́wàá. Mẹ́rin la ní, Ọ̀gá sì ń ráhùn lórí epo wọn.

Mo bi í léèrè ìdí tí wọn ò fi kà á bí ọmọlúàbí ṣe ń ka pákó. Ó ní láti orí ìró tó kéré jù dé orí èyí tí ń dun etí, ìlọ́po mílíọ̀nù lọ́nà mílíọ̀nù ni. Ta ni yóò máa kọ ìyẹn sílẹ̀? Ó ní bẹ́ẹ̀ náà sì ni etí fúnra rẹ̀ ṣe ń gbọ́ ọ. Bí agbára ìró bá di ìlọ́po mẹ́wàá, etí á kàn sọ fún wa pé ó tó ìlọ́po méjì.

"Etí ló ń tàn yín jẹ. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán wà ní nǹkan bí ọgọ́ta. Ayùn yín wà ní ọgọ́rùn-ún. Ìtẹ̀sẹ̀ mélòó nìyẹn?"

"Mẹ́rin," ni Mímú wí.

"Ó di ìlọ́po mélòó?"

Mímú ń ka ìka. Èmi náà fi ìka kà á, mo tún un kà. Ìlọ́po ẹgbàárùn-ún. Ọ̀rẹ́ mi, ọdún mẹ́tàdínlógójì ni mo fi dúró níwájú nǹkan yẹn ní ìhòòhò etí, tí mo máa ń fi àwọn tó ń fi òwú dí etí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọmọge ni wọ́n.

Ní ti ohùn mi tí mo fi bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí, ó yẹ kí n tún un sọ. Nígbà tí wọ́n lọ mu omi, mo gbé ẹ̀rọ náà sún mọ́ ẹnu bí ẹni fẹ́ gé e jẹ, mo sì ké. Ibẹ̀ ni mẹ́rinlélọ́gọ́rùn-ún ti wá. Mo ń jó kiri nígbà tí Ìbéèrè padà dé. Ó ní ariwo a máa dín kù bí a bá ṣe ń jìnnà sí i, kí n dúró síbi tí ayùn wà kí n tún un ké. Mo ké títí iṣan ọrùn mi fi yọ. Ọgọ́rin. Ìtẹ̀sẹ̀ méjì ni ayùn fi wà lókè mi, ìyẹn ni pé ó fi ìlọ́po ọgọ́rùn-ún jù mí lọ. Mo dà bí ẹni tó fi imú kan ògiri, tó ní ògiri ga ju òkè lọ. Bí o bá ti sọ fún àdúgbò, máa wá bí o ṣe máa gbé e kúrò lẹ́nu wọn.

Ó wá kan àyẹ̀wò etí. Ọ́fíìsì Ọ̀gá la ti ṣe é. Wọ́n pa gbogbo ayùn, wọ́n ti fèrèsé. A ń wọlé níkọ̀ọ̀kan. Lẹ́nu ọ̀nà, mo ti sọ fún gbogbo wọn pé bí eèrà bá yí padà lórí ẹní rẹ̀, èmi á gbọ́. Ìbéèrè fi ohun ìgbọ́rọ̀ bò mí létí, ó ní bí mo bá ti gbọ́ ìró, bó ti wù kó kéré tó, kí n na ọwọ́ sókè. Ó fi ìwé gbé ọwọ́ rẹ̀ pamọ́. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run kì í sùn lórí ọ̀rọ̀ arúgbó: aago ńlá kan wà lára ògiri lẹ́yìn rẹ̀, mo sì ń rí ìka rẹ̀ nínú gíláàsì aago náà. Bó bá ti tẹ bọ́tìnnì, mo na ọwọ́. Ó tẹ̀ ẹ́, mo na ọwọ́. Mò ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tó gbọ́ orin.

Ó dáwọ́ dúró díẹ̀. Ó tún tẹ̀ ẹ́, mo nawọ́. Ó tún tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, mo nawọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ó wá rọra bọ́ nǹkan náà kúrò lórí mi, ó yí ojú ẹ̀rọ sí mi. Iná rẹ̀ ti kú.

"Bàbá, mo ti pa á. Ìró wo lẹ gbọ́?"

Mo ní, "Ti ọ̀la."

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tó yá, ẹ̀rín tán, omi náà ò dá. Ó yí àga mi kọjú sí ògiri, a sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Àbájáde rẹ̀ rèé. Àwọn ìró tó nípọn, mò ń gbọ́ wọn dáadáa. Àwọn tó tín-ínrín, bí ohùn ẹyẹ, tí àwọn mìíràn ń gbọ́ ní ogún tàbí kó má tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, mi ò gbọ́ wọn àfi ní ọgọ́ta. Láti ogún dé ọgọ́ta, kà á fúnra rẹ. Ìlọ́po ẹgbàárùn-ún ni ìró bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ di kó tó kan ilẹ̀kùn etí mi. Ìbéèrè ní ohùn ènìyàn á ṣì máa dé ọ̀dọ̀ mi, ṣùgbọ́n ẹnu tó mú lára ọ̀rọ̀ ti kú mọ́ mi létí, tí ọ̀rọ̀ kan ò fi yàtọ̀ sí èkejì. Ó ní ó ti tó ọdún mélòó kan tí mo ti ń wo ẹnu àwọn ènìyàn tí mo sì ń méfò ìyókù, àti pé bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ bá dorí kodò, kò sí nǹkan kan tó kù fún mi.

Jẹ́ kí n sọ bí ó ṣe parí fún ọ, nítorí ibẹ̀ gan-an ló ti yẹ kí n yangàn. Ìbéèrè dúró níwájú Ọ̀gá, ó ní kí ó fi yàrá bo ayùn ńlá, kí ó ra ìbòtí fún gbogbo wa, kí ẹnikẹ́ni má sì dúró ti ayùn láti àárọ̀ dalẹ́ mọ́. Kò gbóhùn sókè rárá. Ọ̀gá, tó máa ń bú wa bí ìjì, kàn ń dáhùn pé, "Bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, ma." Láti ọjọ́ Ajé ni àwọn kafíńtà ti ń kan yàrá náà. Mo ti pariwo nílé iṣẹ́ yìí fún ọdún mẹ́tàdínlógójì, kò sẹ́ni tó gbọ́. Ọmọ mi sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n dá ayùn dúró. Bí mo bá kú lónìí, kí ẹ kọ ìyẹn sórí pákó fún mi.

Bá mi kí àwọn ọmọ. Kí ìwọ náà lọ yẹ etí rẹ wò, ayùn kan náà ló jẹ wá. Ìyá àwọn ọmọ ní kí n kí yín, ó ní mo ti ń gbọ́ràn díẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti fún mi ní ẹ̀rọ ìgbọ́ràn, pé kò kàn tíì tó bí òun ṣe fẹ́ ni.

Ó ku ọ̀rọ̀ orí bẹ́ǹṣì. Lọ́jọ́ náà, o dorí kodò, ohùn rẹ lọ sílẹ̀, èjìká rẹ ń gbọ̀n. Ohùn ni mo gbọ́, mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ kankan. Mo rò pé ọ̀kan nínú àwọn ìtàn gígùn rẹ lò ń sọ, pé ẹ̀rín ló ń gbọ̀n ọ́ léjìká, mo bá bú sẹ́rìn-ín, mo lu itan. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni ìyá àwọn ọmọ tó sọ fún mi pé ojú ìyàwó rẹ ń fọ́ lọ, pé dókítà ní kò ní padà, àti pé ohun tí o wá sọ fún mi nìyẹn. Ǹ bá ti kọ̀wé lọ́jọ́ náà pé mi ò gbọ́. Mi ò kọ ọ́, kódà nínú lẹ́tà méjèèjì yẹn. Ó tẹ́ mi lọ́rùn kí o pè mí ní ìkà ju kí o pè mí ní adití lọ. Òótọ́ rẹ̀ nìyẹn. Adití ni mí, ọ̀rẹ́ mi, mo sì tijú.

Ka lẹ́tà yìí sétígbọ̀ọ́ ìyàwó wa. Bẹ́ǹṣì ṣì wà níta. Bí o bá wá, jókòó sí ọwọ́ ọ̀tún mi, gbójú sókè, kí o sì tún un sọ fún mi.

Tìrẹ ni mí, tetí tetí tó kù,
Aláriwo
(Ẹni Kẹrin).