Kóòdù Kan Tí Wọ́n Kọ ní Oríṣi Mẹ́ta, àti Nọ́ọ̀sì Tí Wọ́n Di Ẹ̀bi Rẹ̀ Rù

Àdúgbò Ìjẹ̀bú,
Ọ̀wọ̀,
Ìpínlẹ̀ Òǹdó.
Ọjọ́ Kọkànlá, Oṣù Kẹta, Ọdún 2025.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Ìbáwí Òṣìṣẹ́ Ìlera,
Ìfọ̀n,
Ìpínlẹ̀ Òǹdó.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀HÓNÚ LÓRÍ ÌWÉ ÌLÀNÀ Ẹ̀RỌ Ọ́SÍJÌN ÀTI ÌYÀ TÍ A FI JẸ NỌ́Ọ̀SÌ AGATHA ỌLÁÍDÉ

1. Èmi ni bàbá ọmọ tí ó kú ní ilé ìlera kan ní Ìjàgbà lóṣù tó kọjá. Ẹ ti dá Nọ́ọ̀sì Agatha dúró lẹ́nu iṣẹ́ nítorí ikú náà. Ẹ kò bi èmi tàbí ìyá ọmọ ní ohunkóhun.

2. Hamidat, ìyàwó mi, ń ṣe tíṣà ní Ìjàgbà. Ibẹ̀ ló bímọ sí, ọmọbìnrin. Oṣù ọmọ náà kò pé, mímí sì nira fún un. Nọ́ọ̀sì Agatha gbé e sídìí ẹ̀rọ ọ́síjìn, ara ọmọ sì balẹ̀.

3. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ẹ̀rọ náà dún, ó sì gbé kóòdù E01 jáde. Nọ́ọ̀sì kò méfò. Ó ṣí ìwé ìlànà tí ilé-iṣẹ́ tó ta ẹ̀rọ náà kó fún wọn. Níwájú ìwé, ó rí "E1": asẹ́ ti dọ̀tí, ẹ máa lo ẹ̀rọ lọ, ẹ fọ̀ ọ́ tí ọwọ́ bá dilẹ̀. Ó yíjú sí wa, ó ní, "Ìyá ọmọ, ẹ fọkàn balẹ̀, ìwé ní kò séwu."

4. Ewu wà. Ìtumọ̀ E01 wà lẹ́yìn ìwé náà, ó há sáàárín gbólóhùn gígùn kan, níbi tí wọ́n ti kọ ọ́ ní "e-01": ọ́síjìn ti ń tán nínú afẹ́fẹ́ tí ẹ̀rọ ń fẹ́ jáde, ẹ gbé aláìsàn sórí sílíńdà ọ́síjìn kíákíá. Níbòmíràn, "Kóòdù 1" ni wọ́n pe méjèèjì. Sílíńdà tó kún wà nínú yàrá náà. Ẹ̀rọ ń kùn, afẹ́fẹ́ ń jáde, àmọ́ afẹ́fẹ́ lásán tí èmi àti ẹ̀yin ń mí ni. Nígbà tí ètè ọmọ ń dúdú, nọ́ọ̀sì ju ìwé sílẹ̀, ó sáré fa sílíńdà. Ẹ̀pa kò bóró mọ́.

5. Aṣojú ilé-iṣẹ́ náà sọ níwájú yín pé nọ́ọ̀sì tó kàwé yẹ kó mọ̀ pé E1 kì í ṣe E01. Ẹ̀yin náà mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ta ló kọ́kọ́ kọ ọ́ bí ẹni pé kò síyàtọ̀?

6. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ilé-iṣẹ́ yìí kan náà rọra kó ìwé tuntun wá sí Ìjàgbà, wọ́n sì kó ti àtijọ́ lọ. Nínú tuntun, bákan náà ni wọ́n kọ E01 láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó dúdú kirikiri, ó dá dúró nínú àpótí tirẹ̀. Ṣé ohun tí kò bàjẹ́ ni wọ́n ń tún ṣe? Hamidat ti ya àwòrán ti àtijọ́ kí wọ́n tó dé. Ó wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí.

7. Àwọn ẹbí mi fẹ́ kí n bá yín dá Agatha lẹ́bi. N kò lè ṣe é. Ohun tí ìwé sọ ló ṣe, òun náà ló sì fọwọ́ ara rẹ̀ gbé ọmọ náà lé mi lọ́wọ́.

Mo bẹ̀ yín, ẹ dá a padà sẹ́nu iṣẹ́. Ẹ pe àwọn tó kọ ìwé náà wá jẹ́jọ́. Ẹ sì gba ìwé àtijọ́ yìí ní gbogbo ilé ìlera níbi tó bá ṣì wà, kí ọmọ ẹlòmíràn má baà bá a lọ.

Ẹ ṣeun tí ẹ bá kà á dé ìparí.

Èmi ni tiyín nínú ọ̀fọ̀,

Abdulfatai Jìbírílù,
Télọ̀,
Bàbá ọmọ tó kú kí a tó sọ ọ́ lórúkọ.