Bí A Ṣe Fi Oyin Tọ́ Iṣẹ́ Kọ̀ǹpútà Rẹ Lẹ́nu

Omifunfun, lẹ́bàá Òrè.

Èlíṣà ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé Èkó ń gbè ọ́? Ojú kò ní tì ọ́ láàárín ẹgbẹ́ rẹ o. Ara bàbá rẹ le, kòkó nìkan ló ń jẹrà lórí igi nítorí òjò, iyọ̀ sì ti wọ́n ju ẹran lọ láti ìgbà tí àwọn sójà tó gbàjọba yìí ti ní ká máa fara dà á.

Dírẹ́bà tí o rán ti fún wa ní lẹ́tà rẹ àti pẹlẹbẹ dúdú tí o pè ní dísìkì tó wà nínú rẹ̀. Tíṣà Akínwọlé, tí ìjọba gbé wá síbí láti Ọ̀yọ́, ló là á yé wa. Ó ní inú kọ̀ǹpútà ibi iṣẹ́ yín dà bí àká tí ẹ kó orúkọ àwọn oníbàárà sí, pé kéèyàn tó rí ẹyọ kan mú jáde, àfi kó ka ọ̀rọ̀ tó gùn bíi Sáàmù. Ṣùgbọ́n ohun tí o ṣe sínú pẹlẹbẹ yìí, bí èèyàn bá ti pè é, á sáré wọlé lọ mú orúkọ téèyàn ń wá jáde. O ní o fẹ́ fi ta gbogbo ayé lọ́rẹ, pé ká bá ọ wá orúkọ fún un, àti pé kọ̀ǹpútà yín ti jóná, ẹyọ kan ṣoṣo tó kù nìyí, ká tọ́jú ẹ̀ bí ẹyin ojú wa.

Ọmọ mi, ohun tó ń jẹ́ ìpè, tó ń jẹ́ iṣẹ́, tí kò sì bèèrè oúnjẹ, ta ni yóò sọ irú ẹ̀ lórúkọ lásán? A pe ẹbí jọ. A fi omi, oyin, àti ìwọ̀nba iyọ̀ tó kù nílé tọ́ ọ lẹ́nu. Irin pẹ́ńpẹ́ kan bo ẹnu ẹ̀, bàbá rẹ fi èékánná ṣí i kí oyin lè wọnú dáadáa. Tíṣà wọlé bá wa níbẹ̀, ó káwọ́ lérí, omi bọ́ lójú ẹ̀. Èmi mọ̀ pé ayọ̀ ni.

O ní kí orúkọ náà má ju lẹ́tà mẹ́jọ lọ. Bàbá rẹ bínú, ó ní ṣé wọ́n ti ń wọn orúkọ fún aráàlú bí iyọ̀ ni. Olúwapamílẹ́rìnayọ̀ la sọ ọ́. Orúkọ tí mo fi pamọ́ de àkọ́bí rẹ ni, ó dùn mí díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó kọ́kọ́ dé ló ni àga.

Nítorí o sì ní kó kárí ayé, a ń gbé e káàkiri abúlé: ó ti sùn ní Ajue, ó ti sùn ní Àgbábù. Ọ̀dà dúdú tó ń sun láti inú ilẹ̀ Àgbábù yí i lára, mo fi kẹrosíìnì nù ún, mo fi ọṣẹ dúdú fọ̀ ọ́, mo sá a sórí ẹní kòkó. Ó ń dán báyìí!

Jọ̀ọ́, fi owó iyọ̀ àti ti oyin ránṣẹ́, a ti lo tiwa tán. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní bàjẹ́ láéláé. Dírẹ́bà yóò gbé e wá bá ọ. Bí o bá pè é tí kò tètè jẹ́, má nà án o. Pe orúkọ ẹ̀ délẹ̀, ọ̀nà jíjìn ló ti ń bọ̀.

Èmi ni ìyá rẹ.