Eruku Òwú Búlúù Inú Kọ̀ǹpútà Rẹ

Ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ o, mo kí ilé, mo kí iṣẹ́, mo kí àtẹ̀gùn gíga tí o máa ń gùn kí o tó dé yàrá rẹ. Ṣé gbogbo ara le? Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ọ níbi tí ojú mi ò tó, kò ní gbàgbé láti máa ṣọ́ ọ lọ. Ọ̀gá rẹ níbi iṣẹ́ kò ní fi ojú burúkú wò ọ́, bàtà rẹ kò ní já mọ́ ọ lẹ́sẹ̀ lójú títì, oúnjẹ tí o bá jẹ á máa bá ọ lára mu. Èmi náà wà. Mo ń jẹun, mo ń sùn, orúnkún mi ń dùn mí díẹ̀ ṣùgbọ́n kò tíì di ti dókítà. Má bínú pé ọ̀rọ̀ mi tóbi gàdàgbà báyìí lórí ìwé. Àwọn tó tẹ ìwé yìí ni wọn ò jẹ́ kí ìlà inú rẹ̀ hàn, bírò náà ò sì dára.

O lè máa rò ó pé kí ló dé tí mi ò fi pè ọ́. Ọ̀rọ̀ yìí ò ṣeé sọ lórí fóònù, torí bí mo bá dé àárín rẹ̀, ẹkún lè gbà á mọ́ mi lẹ́nu, o ó wá máa pariwo hẹlóò hẹlóò, o ó rò pé fóònù ló bàjẹ́. Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà rẹ ni, èyí tí o fi sílẹ̀ fún wa lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn kí èmi àti bàbá rẹ lè máa rí ojú rẹ. Ó ṣì wà níbi tí o gbé e sí nínú ṣọ́ọ̀bù, lórí tábìlì tí bàbá rẹ ti ń gé aṣọ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì rẹ̀. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí i dáadáa. Ó máa ń béèrè ọjọ́ ìbí rẹ lọ́wọ́ mi kó tó gbà mí wọlé, mo sì máa ń tẹ̀ ẹ́ fún un láìbínú, torí ta ló tún fẹ́ mọ̀ ọ́n jù mí lọ, ṣebí èmi ni mo wà níbẹ̀. Bí mo bá sì fẹ́ pa á, á tún rọra bi mí bóyá ó dá mi lójú. Mo máa ń sọ fún un pé ó dá mi lójú, pé mo ń bọ̀ lọ́la. Mo ti sọ fún àwọn èèyàn pé kọ̀ǹpútà tí ọmọ mi fún mi, ó lẹ́kọ̀ọ́.

Ohun tí mi ò sọ fún ọ rí ni pé láti ìgbà tí bàbá rẹ ti fi wá sílẹ̀, ojoojúmọ́ ni mo ń wo fídíò tí o fi kọ̀ǹpútà náà yà á nígbà yẹn. O rántí rẹ̀, ọjọ́ tó ń rán aṣọ fèrèsé ilé ìwòsàn, èyí tó jẹ́ búlúù. Ó tẹ orí ba, ó ń fi ẹsẹ̀ wa máṣíìnì, ó ń ṣàlàyé fún ọ bí wọ́n ṣe ń gé ọrùn aṣọ, ìwọ tí o ò bi í sì ń rẹ́rìn-ín. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni mo máa ń wò ó. O ti sọ fún mi pé èèyàn lè fò ó lọ síwájú, ṣùgbọ́n bàbá rẹ á máa sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, kí n wá fò ó kọjá? Mi ò ṣe irú ẹ̀ sí i láyé, mi ò lè bẹ̀rẹ̀ nísinsìnyí.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé mi ò rí ìparí rẹ̀ rí. Nígbàkígbà tó bá ti dé ibi tí bàbá rẹ ti gé òwú, tó gbé orí sókè, tó bi ọ́ bóyá o ti pa nǹkan yẹn, bẹ́ẹ̀ ni ojú kọ̀ǹpútà á ṣókùnkùn, á kú pátápátá. Ìgbà àkọ́kọ́, mo ní kò burú. Nígbà tó fi máa tó ìgbà kẹwàá, ó ti yé mi. Bàbá rẹ béèrè bóyá wọ́n ti pa á, kọ̀ǹpútà gbọ́, ó sì pa ara rẹ̀. O mọ bí gbogbo ayé ṣe máa ń gbọ́rọ̀ sí bàbá rẹ lẹ́nu láìjẹ́ pé ó pariwo mọ́ ẹnikẹ́ni. Mo bá kọ̀ǹpútà náà jókòó, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má dá bàbá lóhùn, pé kò sí ìjà níbẹ̀, èmi ni mo fẹ́ gbọ́ èyí tó kù. Kò gbà.

Kó tó kú báyẹn, ara rẹ̀ á ti gbóná bí áyọ́ọ̀nù, á sì máa mí hàà, hàà. Mo rò pé àárò bàbá rẹ ló ń sọ òun náà. Mo tún rò pé ibà ni. Mo gbé e sórí ìrọ̀rí mi kí ara lè tù ú. Mo wá rán ẹ̀wù fún un, èyí tó nípọn, mo fi fóòmù sí i nínú, mo ṣẹ́ etí rẹ̀ yípo kí atẹ́gùn má baà mú un láyà, mo sì ń wọ̀ ọ́ fún un bó ṣe ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Ẹ̀wù náà bá a mu gan-an, ó wù mí kí o rí i. Ṣùgbọ́n kàkà kó sàn, ńṣe ló ń le sí i. Kò tún dé ibi tí bàbá rẹ ti ń gbé orí sókè mọ́, ibi ọ̀rọ̀ ọrùn aṣọ ló ti ń kú. Nígbà tó tún yá, kò ju kí bàbá rẹ jókòó kó tún ìjókòó rẹ̀ ṣe lọ, ó ti kú. Lójoojúmọ́ ni bàbá rẹ ń dínkù mọ́ mi lọ́wọ́, mi ò sì rí ẹni sọ ọ́ fún. Ìgbà tí o pè tí o ní kí n sọ ògbólógbòó kọ̀ǹpútà yẹn nù, pé o ó ra tuntun, mo ní ó dáa, ṣùgbọ́n mi ò sọ ọ́ nù.

Mo wá ronú bí télọ̀. Máṣíìnì tó bá ń gbóná, tó ń pariwo, epo ló ń fẹ́. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, mo gbé agolo epo máṣíìnì, mo wá ihò tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà náà rí, mo sì da ẹnu agolo kọ ọ́. Ọlọ́run ló ní kí Ẹ-Gbé-e-Wá wọlé lásìkò yẹn láti wá gba ṣòkòtò rẹ̀. Ẹ-Gbé-e-Wá, alátùn-únṣe rédíò tó wà lẹ́yìn ilé wa ni, o ò mọ̀ ọ́n, ẹnu àìpẹ́ yìí ló dé. Ohunkóhun tí o bá ní ó bàjẹ́, kó tó gbọ́ tán á ti ní kí o gbé e wá, ìyẹn ni gbogbo èèyàn ṣe ń pè é bẹ́ẹ̀. Igbe tó ké lọ́jọ́ náà, agolo epo bọ́ lọ́wọ́ mi. Ó ní mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa á.

Ó ní kọ̀ǹpútà ní fáànù nínú. Mo bi í pé kí ni nǹkan tí kì í làágùn fẹ́ fi fáànù ṣe. Ó ní bó bá ń ronú, inú rẹ̀ máa ń gbóná, fáànù yẹn ló ń fẹ́ ooru náà jáde, bí ooru ò bá sì rọ́nà jáde, á pa ara rẹ̀ kó má baà jóná. Ìyẹn ni pé kì í ṣe bàbá rẹ ló ń gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu. Kí n má purọ́, ó dùn mí díẹ̀.

Ó yọ wáyà iná rẹ̀, ó pa á, ó ní ká jẹ́ kó tutù ná. Ó wá dà á dojú dé, ó ń tú nọ́ọ̀tì rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń tò wọ́n sínú ìdérí agolo bọ́tìnì mi kó lè mọ ibi tí kálukú ti jáde. Ọ̀kan já bọ́ sórí tábìlì, ó ní kí n bá òun mú un. Mo fọwọ́ wá gbogbo orí tábìlì, mi ò rí i. Níwájú mi gan-an ló ti nawọ́ mú un. Mo sọ fún un pé fèrèsé ṣọ́ọ̀bù yìí kì í jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wọlé dáadáa.

Ó já bátìrì kúrò lára okùn rẹ̀, ó wá fi fáànù náà hàn mí, kò ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọ ọwọ́ lọ. Eruku òwú ti dí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ pa, ó dì pọ̀, ó nípọn bí aṣọ òtútù. Ó fi ẹ̀mú kékeré fà á jáde lódidi. Ó ní kí n fi orí ìka di fáànù náà mú jẹ́jẹ́ kó má baà yí, ó wá fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ tí a fi ń nu máṣíìnì gbá a, ó fi páǹpù kẹ̀kẹ́ fẹ́ èyí tó kù láti ọ̀ọ́kán. Mo fẹ́ fi ẹnu bá a fẹ́ ẹ, ó ní rárá, itọ́ wà nínú èémí èèyàn. Mo ní itọ́ mi mọ́. Ó ní kọ̀ǹpútà ò mọ ìyẹn.

Eruku yẹn, ó fẹ́ sọ ọ́ nù ni, mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo mú un lọ sẹ́nu ọ̀nà níbi tí oòrùn wà. Òkè rẹ̀ funfun, ìyẹn ti ṣẹ́ẹ̀tì ilé ìwé tí mo ń rán láti ọdún tó kọjá. Abẹ́ rẹ̀ wá jẹ́ búlúù. Ọmọ mi, aṣọ fèrèsé ilé ìwòsàn ni. A ò tún rán nǹkan búlúù mọ́ nínú ṣọ́ọ̀bù yìí lẹ́yìn rẹ̀. Bí bàbá rẹ ṣe ń ṣiṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kọ̀ǹpútà ń fa eruku iṣẹ́ rẹ̀ sínú, tó ń tọ́jú rẹ̀. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mo sunkún. Ẹ-Gbé-e-Wá rò pé owó iṣẹ́ ni mo ń rò, ló bá ń pariwo pé òun ò gba kọ́bọ̀.

Nígbà tó dì í tán, ó ní orí tábìlì gbalasa ni kó máa wà, kì í ṣe orí ìrọ̀rí, kí n máa nu ihò rẹ̀ déédéé, kí n sì bọ́ ẹ̀wù rẹ̀ bó bá ń ṣiṣẹ́. Ó mú ṣòkòtò rẹ̀, ó lọ. Mo ti ilẹ̀kùn, mo jókòó sórí àga bàbá rẹ, mo tan fídíò náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò mí hàà. Ọ̀rọ̀ ọrùn aṣọ kọjá. Bàbá rẹ gé òwú, ó gbé orí sókè, ó bi ọ́ bóyá o ti pa á. Mo di etí tábìlì mú. Kọ̀ǹpútà ò kú. O dá a lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, o ti pa á, irọ́ gbuu lo sì pa fún bàbá rẹ, mo ti dárí jì ọ́.

O mọ ohun tí bàbá rẹ sọ lẹ́yìn náà. Ó ní ojú mi ò ríran dáadáa mọ́, pé mo rò pé òun ò mọ̀. Ó ní láràárọ̀, bí mo bá ti wọ ilé ìwẹ̀, òun á ti sáré ki òwú bọ abẹ́rẹ́ méje, òun á gún wọn sórí tìmùtìmù kékeré mi, kí n lè rò pé èmi ni mo fi òwú sílẹ̀ nínú wọn lánàá. Ó ní bí òun bá sọ ọ́, ojú á tì mí, mo lè fi iṣẹ́ sílẹ̀, òun ò sì fẹ́ máa dá jókòó nínú ṣọ́ọ̀bù. Ó wá ní kí o ra awò ojú fún mi, kí o ṣe é bí ẹni pé ìwọ lo rò ó, kí o má sọ fún mi.

Ṣé o rí i? Gbogbo ìgbà yẹn, mo rò pé mò ń fi ọ̀rọ̀ ojú mi pamọ́ fún un. Nígbà tí kò sí mọ́, tí àwọn abẹ́rẹ́ wá ṣófo, mo rò pé omi ẹkún ni kò jẹ́ kí n rí ojú wọn. Òwú ti máṣíìnì, kókó ni mo fi ń so tuntun mọ́ ògbólógbòó kí n lè fà á kọjá ojú abẹ́rẹ́. Iṣẹ́ tí wọ́n ń fi ọwọ́ rán ní tirẹ̀, mi ò gbà á mọ́, mo ń sọ fún àwọn oníbàárà pé ọwọ́ mi ò dilẹ̀. Awò ojú tí o rán wá, tí mo bá ọ jà lé lórí pé o sọ mí di arúgbó, inú dúrọ́ọ̀ máṣíìnì ló ti wà látìgbà náà. Dúró ná, jẹ́ kí n lọ mú un.

Mo ti dé. Wo bí ọ̀rọ̀ mi ṣe kéré láti ibi yìí lọ, tó sì jókòó sórí ìlà. Ìlà inú ìwé yìí hàn ketekete, mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹni tó tẹ̀ ẹ́.

Apá kan awò ojú náà ti kán, mo fi òwú wé e, ó ń fì sọ́tùn-ún sósì. Bí ọwọ́ rẹ bá dẹ̀, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n lọ bá dókítà ojú, kí wọ́n ṣe èyí tó bá imú mi mu. Má ra kọ̀ǹpútà tuntun o, mi ò fẹ́. Ìwọ náà, mo máa ń rí i pé orí bẹ́ẹ̀dì lo máa ń gbé tìrẹ sí. Gbé e kalẹ̀ sórí tábìlì, kó lè máa mí. Nínú àpò ìwé yìí, o ó rí bébà kan tí mo ká. Mo pín eruku búlúù náà sí méjì, tìrẹ ló wà níbẹ̀. Má gbọ̀n ọ́n nù, má sì gbé e sún mọ́ kọ̀ǹpútà rẹ.

Ẹni tó máa mọ ohun tó ń dùn ọ́ láìjẹ́ pé o sọ ọ́, Ọlọ́run á fi ṣe ọkọ rẹ. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní tú. O ó pẹ́ fún mi, ojú mi á sì ríran títí n ó fi rán aṣọ ọmọ rẹ.

Èmi ni ìyá rẹ.

Awakọ̀ tó máa mú ìwé yìí ò kọjá lánàá, mo tún tú u láti fi èyí kún un. Láàárọ̀ yìí, kí n tó lọ wẹ̀, mo wọ awò ojú náà, mo ki òwú bọ abẹ́rẹ́ mẹ́fà, mo gún wọn sórí tìmùtìmù. Ìkeje ti wà níbẹ̀ láti ìgbà bàbá rẹ, òwú búlúù ṣì wà nínú rẹ̀. Mo ti máa ń rò pé èmi ni mo gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Mi ò ní lò ó. Wọ́n ti pé méje.