Omi, Iyọ̀ àti Ẹja Tó Wà Nílé Yín

Kílíbò, oṣù kẹwàá, ọdún 1984

Àyìndé ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara Ìbíjọkẹ́ ìyàwó wa le? Eruku Wagadúgù ńkọ́? Olúwa kò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ yín kọ níbi tí ẹ ti ń wá oúnjẹ. Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́. Orúnkún ìyá rẹ ṣì ń dùn ún, iṣu ta lọ́dún yìí, àfi pé ọ̀yà ń bá wa jẹ ẹ́. Wọ́n ní orílẹ̀-èdè yín náà ti gba orúkọ tuntun, Burkina, mo ní ẹ kú oríire, ta ló fi iyọ̀ sí i lẹ́nu?

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ọ sọ kò rọrùn lẹ́nu mi. Jìbírílù onímọ́tò ará Hamdalaye ní Wagadúgù yín níbẹ̀, tó máa ń kó ẹrù gba ọ̀dọ̀ wa kọjá, ló kọ́kọ́ mú ìròyìn yín wá. Ó ní òun rí ọ lọ́jà pẹ̀lú agbọ̀n, o ń ra tòmátì. Ó ní o gbin igi síwájú ilé yín ní Cissin. Ó ní o sọ fún òun pé o ti gbé omi kalẹ̀ nílé, o ti po iyọ̀ sí i, ẹja lo ń retí láti Kútọnu. Àyìndé, kí ni kí n rò? Ọkùnrin tó gbé agbọ̀n lọ sọ́jà, ṣé kì í ṣe pé ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni? Ṣebí orí ibi ọmọ là ń gbin igi sí? Omi, iyọ̀, ẹja, bí kì í bá ṣe ìsọmọlórúkọ, kí ni? Mo ní ọgbọ́n lo ń dá, nítorí àwọn ọmọ méjì tí ẹ ti sin, o kò fẹ́ pariwo ẹ̀kẹta.

Ni mo bá pa òbúkọ tí mò ń tọ́jú de Kérésì. Ìyá rẹ gbàgbé orúnkún, ó jó dé ilé ìjọsìn. Mo kó oyin, orógbó àti ataare fún Jìbírílù, mo sì fi orúkọ rán an: Kòkúmọ́.

Ó padà dé lánàá, kò lè wò mí lójú. Ó ní ìjọba yín ló ní kí àwọn ọkùnrin lọ sọ́jà lọ́jọ́ kan kí wọ́n mọ ohun tí ojú obìnrin ń rí, àwọn náà ló ní kí a máa gbin igi. Ó ní kò sí ọmọ. Àpótí onígíláàsì ló bá ní pálọ̀, ẹja òkun méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kan ti kú. Ó ní o ṣe é kí Ìbíjọkẹ́, ọmọ etí òkun, lè rí nǹkan ilé wọn máa wò, kó yé sunkún. Ó ní ẹ̀rọ kan ń fẹ́ atẹ́gùn sí wọn nínú omi, pé bí iná kúrán bá lọ, ìyàwó wa á jókòó tì wọ́n, á máa fi igbá bu omi náà, á máa dà á padà, kí wọ́n lè mí. Nígbà tí Ìbíjọkẹ́ rí oyin àti ataare mi, tó sì gbọ́ orúkọ, ó wọ yàrá, kò jáde títí Jìbírílù fi lọ.

Ó dùn mí wọ eegun. Ayọ̀ tèmi ni mo fi họ egbò ọmọ ọlọ́mọ. Bá mi bẹ̀ ẹ́. Sọ fún un pé omi ló dànù, agbè kò fọ́, agbè yẹn gan-an la sì ń fẹ́.

Ní ti ẹja, iyọ̀ yẹn ló pọ̀ jù. Ẹni tó dé ìlú onílùú, omi ibẹ̀ ni yóò mu, bó o bá dín iyọ̀ kù díẹ̀díẹ̀ yóò mọ́ ọn lára. Ṣùgbọ́n Jìbírílù ní o ní ẹja òkun tí kò bá rí omi iyọ̀ yóò kú ni. Nígbà náà má gbọ́ tèmi. Owó páànù tí mo fẹ́ béèrè lọ́wọ́ rẹ, fi ra iyọ̀ fún un, a ó máa gbé igbá sábẹ́ ibi tó ń jò. Bí Ìbíjọkẹ́ bá sì gbà, ẹ máa pe ọ̀kan tó kù yẹn ní Kòkúmọ́, kó bá wa di orúkọ náà mú títí olóhun yóò fi dé.

N kò tíì lè sọ fún ìyá rẹ. Ó ti fọ ọ̀já tó fi pọ̀n ọ́, ó ní kí n fi rán Jìbírílù. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní mo ti fi ránṣẹ́. Abẹ́ ìrọ̀rí mi ló wà. Olúwa yóò jẹ́ kí a tún sá a sí oòrùn lójú ayé wa.

Èmi ni bàbá rẹ.