Aṣọ Màmá Tí Mo Bá Lórí Ààtàn

Àbíkẹ́,

Má tú àpò tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Aṣọ tí a fi sin Màmá ló wà nínú rẹ̀. Orí ààtàn káńsù ni mo ti bá a láàárọ̀ yìí, níbi tí mo ti ń kó pàǹtí síná. Ó wà ní kíká, ojú ibi tí o fi òwú búlúù rán ṣì wà lára rẹ̀. Mo sáré dé ibojì; koríko ti bò ó, ẹnikẹ́ni ò gbẹ́ ẹ. Má bínú pé mo gbé e wálé, ọkàn mi ò gbà á láti sun ún.

N kò sọ ọ́ fún Bàbá. Mo ń lọ pe pásítọ̀ ní Lalupon. Jókòó tì wọ́n títí n ó fi dé, torí bí mo ṣe wọlé ni wọ́n wí fún mi pé, "Màmá yín ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni. Òtútù ń mú un, ó ń wá aṣọ rẹ̀ lọ."

Múyì