Ọkọ̀ Bàbá Tí Mo Gbé Sẹ́yìn Táǹkì

Bàbá wa, Àbdùlbáàkí, ọdún mẹ́rin rèé tí a kò gbọ́ ohùn yín nílé wa ní Soje. Ọdún mẹ́rin! A ti kan páànù sí ilé yín ní Sauka Kahuta tí ẹ kọ́ dé lẹ́ńtù. Labibah ọmọ mi ti wọ sẹ́kọ́ńdìrì, Háúsá ṣì yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu ju Yorùbá lọ. Ṣọ́ọ̀bù Màmá ń lọ dáadáa.

Èmi Sabirah ni wọ́n ní kí n kọ ìrántí ikú yín tọdún yìí. Wọn ò mọ ohun tí mo fẹ́ kọ.

Lẹ́yìn tí ẹ fẹ̀yìn tì lẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kan ọkọ̀ òkun kékeré tó ṣeé gbé ka orí tábìlì, ẹ̀yin tí ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ rí òkun láyé yín. Ẹ máa ń gba àjákù pákó lọ́wọ́ káfíńtà, ẹ ó rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná kó lè tẹ̀, ẹ ó wá fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Ẹ gbẹ́ orí ẹṣin síwájú rẹ̀. Ó ku kí ẹ de òwú mọ́ àwọn òpó ìgbòkun rẹ̀ lẹ lọ.

Láàárọ̀ fídáù ọjọ́ kẹjọ, orí ẹṣin yẹn tì mí lójú. Mo ní àwọn àáfà á rí i, wọ́n á ní bàbá wa ń gbẹ́ ère. Mo bá gbé ọkọ̀ náà lọ sẹ́yìn táǹkì omi. Àdúrà parí tán, Àáfà Abdulbasit, ọ̀rẹ́ yín, bèèrè rẹ̀. Àṣé òun ló ń bá yín ra òwú! Ó fẹ́ fi han àwọn tó bá a wá. Mo ní mi ò mọ ibi tó wà.

Òjò ọjọ́ mẹ́ta pa ọkọ̀ náà síbẹ̀. Pákó ya, òpó dá. Nígbà tí Màmá rí i tó bèèrè ẹni tó gbé e síta, mo ní Àbùbákàr àbúrò mi ni.

Àbúrò mi búra, “Wallahi, ba ni ba ne,” òun kọ́, òun kọ́. Kò sẹ́ni tó gbà á gbọ́. Màmá bá Àbùbákàr, àgbà ọkùnrin tó ń kọ́ ọmọ níwèé, wí níwájú àlejò. Láti ìgbà náà, tí a bá ń ṣe ìrántí yín, ẹnu ọ̀nà ló ń jókòó sí. Ọdún mẹ́rin ni mo fi ń wò ó níbẹ̀. Ojú ń tì mí, Bàbá. Ojú ń tì mí gan-an.

Lọ́dún tó kọjá mo bẹ̀rẹ̀ sí í tún un ṣe níkọ̀kọ̀. Mi ò mọ nǹkan kan nínú iṣẹ́ yín. Mo fa òwú ọ̀tún le jù, òpó wọ́ sọ́tùn-ún. Mo tú u, mo fa tòsì, ó wọ́ sósì. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo tú u. Mo rò pé tí mo bá tún un ṣe tán, kò ní sí pé à ń wá ẹni tó bà á jẹ́ mọ́. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, ojú ṣì ń tì mí.

Màmá, èmi ni. Àbùbákàr, jọ̀ọ́, èmi ni.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tí a ó ṣe ìrántí yín, ọkọ̀ náà á wà lórí tábìlì ní pálọ̀, orí ẹṣin rẹ̀ á kọjú sí àwọn àáfà. Ó ku òwú kan tí agbára mi ò ká: ẹnì kan gbọ́dọ̀ di òpó mú kí ẹnì kejì ta kókó. Tí Àbùbákàr bá lè dárí jì mí, kó bá mi dì í mú.

Àárò yín ń sọ wá, Bàbá, ìfẹ́ yín ò dín lọ́kàn wa. Mo ti gbé àga Àbùbákàr kúrò lẹ́nu ọ̀nà wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì.